Àwo jáàsì àtijọ́: Kì í ṣe gbogbo èyí tó gbó ló níye lórí

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé gbogbo àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tó bá ti pẹ́ nílẹ̀ ló níye lórí. Àwọn mìíràn gbà pé bí olórin bá ṣe lókìkí tó ni àwo rẹ̀ yóò ṣe wọ́n tó. Èrò méjèèjì yìí lè mú kí owó oníṣòwò há sínú ọjà tí kò lọ, ó sì lè mú kí ẹlòmíì ta ohun olówó ńlá ní owó pọ́ọ́kú. Lónìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí òwò àwo orin jáàsì àtijọ́ ṣe rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí orin náà ti ṣẹ̀. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ta ọjà àlòkù, ìbáà ṣe aago, aṣọ tàbí ẹ̀rọ.

Ṣé wọ́n tiẹ̀ ṣì ń ra àwo? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia gbé àwo ńlá tí gbogbo wa mọ̀ yìí jáde. Kásẹ́ẹ̀tì àti síídì dé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò lọ́jà. Ṣùgbọ́n ìṣirò RIAA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwo tí wọ́n tà ní 2022 tó mílíọ̀nù 41, nígbà tí síídì jẹ́ mílíọ̀nù 33. Láti 1987, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iye àwo tí wọ́n tà yóò ju ti síídì lọ. Àwo tuntun ni ìṣirò náà kà o. Àwọn àlòkù tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì kò sí nínú rẹ̀.

Òkìkí yàtọ̀ sí ọ̀wọ́n

Ẹ jẹ́ ká mú àwo méjì wò. Àkọ́kọ́ ni Kind of Blue tí Miles Davis gbé jáde ní 1959. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àwo jáàsì tó lókìkí tó o. Àmọ́ wọ́n ti tà á ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, wọ́n sì ń tún un tẹ̀ di òní. Nítorí náà, àtúntẹ̀ rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ìkejì ni àwo tí Hank Mobley, afunfèrè, ṣe fún ilé iṣẹ́ Blue Note ní 1957, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1568. Àwọn tí kì í gbọ́ jáàsì lè má mọ orúkọ ọkùnrin yìí. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn tó ń kó àwo jọ ń san lórí ojúlówó rẹ̀ tó bá ṣì mọ́. Ìdí ni pé ìwọ̀nba ni wọ́n tẹ̀ nígbà náà, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ ju iye tó ṣẹ́ kù lọ.

Ibi tó yẹ kí ojú yín wò

Àwo tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí orin jáde ni olówó iyebíye. A óò fi Blue Note, tí Alfred Lion, ọmọ Jámánì, àti ẹnì kejì rẹ̀ dá sílẹ̀ ní New York ní 1939, ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bébà róbótó tó wà láàárín àwo. Àdírẹ́sì wà níbẹ̀. Èyí tó bá ní "47 West 63rd" jẹ́ ti ìparí àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960. Ẹ má tíì yọ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Liberty ra Blue Note ní àárín àwọn ọdún 1960, bébà àtijọ́ ṣì kù nílẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo tuntun.

Ẹ wá tẹ àwo náà síbi iná, kí ẹ wo ibi tó ń dán láàárín bébà yẹn àti ìlà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀. Ẹ ó rí "RVG" tàbí "Van Gelder", orúkọ Rudy Van Gelder tó gba orin náà sílẹ̀. Èyí náà kò tíì tó, nítorí ó wà lára àtúntẹ̀ mìíràn. Àmì kékeré kan tó dà bí etí ni kí ẹ wá. Àmì ilé iṣẹ́ Plastylite ni, àwọn tó ń bá Blue Note tẹ àwo títí di 1966. Bí àdírẹ́sì bá pẹ́ ṣùgbọ́n tí kò sí etí, àtúntẹ̀ ni. Bí etí bá wà ṣùgbọ́n tí àdírẹ́sì kò bá ọdún orin mu, àtúntẹ̀ náà ni. Àmì kan ṣoṣo kò tó ṣe ẹ̀rí.

Ẹ má sì fojú fo orúkọ tiwa. Solomon Ilori, onílù ọmọ Nàìjíríà, wà nínú The African Beat tí Art Blakey ṣe fún Blue Note ní 1962. Òun fúnra rẹ̀ ló ni African High Life tó tẹ̀ lé e ní 1963.

Ipò tí àwo wà

Àwọn oníṣòwò yìí ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe ipò àwo. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun ni Near Mint. "Very Good" kò túmọ̀ sí pé ó dára gan-an o. Àwo tó ti ha díẹ̀, tí ariwo ń jáde lára rẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò san owó tuntun lórí àlòkù. Ẹni mọ iyì wúrà là á tà á fún, ṣùgbọ́n ẹni mọ iyì wúrà náà ló máa ń dá ayédèrú padà. Bí àwo bá ha, ẹ sọ ọ́ kí oníbàárà tó sanwó.

Ìṣirò èrè

Ká ní ẹ ra àwo 20 ní dọ́là 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 200 ti lọ. Ẹ ta 15 ní dọ́là 5, ó jẹ́ 75. Ẹ ta 4 ní dọ́là 15, ó jẹ́ 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 135. Ẹyọ kan tó kù gbọ́dọ̀ mú 65 wá kí owó tó pé, láìtíì ka owó ìfiránṣẹ́. Bó bá wá jẹ́ àtúntẹ̀, gbèsè nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ojú òpó Discogs lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye tí wọ́n ti ta irú àwo bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn ni kí ẹ wò, ẹ má wo iye tí ẹnì kan ń béèrè. Ẹ to àwo lóòró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n, nítorí wọn yóò lọ́. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, ẹ yọ àwo kúrò nínú páálí rẹ̀ kí etí páálí má baà ya lọ́nà.

Ajé yóò wọgbá o.