Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Ń Ka Owó Rẹ̀

Ìyá arúgbó kan tí ó ń ta èlùbọ́ jókòó sí ìlà kan níwájú mi nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò náà ń ṣe ìpàdé gbogbogbò ọdọọdún. Aṣọ ẹgbẹ́ ni ó wọ̀ bí ti gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n dípò kí ojú rẹ̀ máa wà níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì sínú abọ́, ńṣe ni ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, tí ó yọ ìwé ìfowópamọ́ kan tí ó fi ọ̀rá wé ní ìlọ́po méjì, tí ó sì gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Akọ̀wé ń ka ìṣirò owó ọdún. Ó ka èrè, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó ka iye tí wọn yóò pín, ariwo ayọ̀ sọ. Ó ka iye tí ẹgbẹ́ fi gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún àdúgbò, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó ní òun ti parí, ìyá náà nawọ́, ó sì dìde. "Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run yóò fún yín lókun. Ẹ dákun, ẹ bá wa ka ti àwọn tí wọ́n yáwó tí wọn kò san." Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́.

Mo ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni ó ń mú ọ̀pọ̀ nínú wa kúrò nílé lọ́jọ́ náà, èyí ni láti gbọ́ iye tí yóò kan olúkúlùkù nínú èrè; bí ó bá ju ti èṣí lọ, a ó ní àwọn olóyè ẹgbẹ́ ṣe bẹbẹ, bí ó bá sì dín, a ó máa kùn títí a ó fi délé. Ìwọ̀n tí a fi ń wọn ẹgbẹ́ yìí kò tọ́. Owó tí ó jáde tí ó sì padà wálé, àti owó tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìpín, àwọn ni a fi ń mọ̀ bóyá ara ẹgbẹ́ le. Oore tí ẹgbẹ́ ń ṣe fún ìlú kò sì lè dúró bí kò bá ti ẹ̀yìn àwọn méjèèjì wá.

Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ẹgbẹ́ náà ti kọ́ wa lọ́gbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù, òun ni alájẹṣẹ́kù. Orúkọ náà kò ní kí a má jẹ, ṣùgbọ́n kò gbà kí a jẹ ẹ́ tán. Kí òfin ìjọba tó dé rárá ni Yorùbá ti mọ iyì àgbájọ ọwọ́. Àáró ni a fi ń ro oko ara wa ní ìdá-mi-lóhùn, irú ẹgbẹ́ àáró yìí náà ni ìtàn sì sọ pé Lísàbí kó jọ kí ó tó fi wọ́n gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ ìsìn Ọ̀yọ́. Ní ti owó, èsúsú wà: Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ lórí Yorùbá jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé bí olúkúlùkù ṣe ń mú iye kan náà wá ní ọjọ́ kan náà, tí a ń kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnì kan, tí yóò sì yí kári, àṣà náà bá àwọn ẹrú sọdá òkun, títí di òní ni wọ́n ń pè é ní sùsú ní Trinidad. Ṣùgbọ́n èsúsú kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Bí ó bá ti yí kári, àpò ti ṣófo nìyẹn. Láyé àtijọ́, ẹni tí ìpọ́njú bá bá kí ó tó kàn án, ọ̀dọ̀ olówó èlé ni yóò gbà lọ, ọ̀dọ̀ onísogúndogójì tí ń sọ ogún di ogójì mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, tàbí kí ó fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà sí oko olóko.

Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi tẹ́wọ́ gba ọ̀nà tuntun, ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí ó dé. Ní ọdún 1934, C. F. Strickland, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí bí yóò ti rí ní Nàìjíríà. Òfin tẹ̀lé e ní 1935, nígbà tí ó sì di 1937, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Gbẹ́dun, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, gba ìwé ẹ̀rí. Òkè òkun pàápàá, láti inú àìní ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 28 ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, níbi tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà fún ara wọn. Ní Lévis ní ilẹ̀ Kánádà, Alphonse Desjardins dá ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ẹ̀yáwó sílẹ̀ ní ọdún 1900. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba owó, ní oṣù Kìíní ọdún 1901, sẹ́ǹtì 10 ni ẹnì kìíní mú wá, gbogbo owó ọjọ́ náà kò sì ju dọ́là 26 àti sẹ́ǹtì 40 lọ. Ẹgbẹ́ tí ó fi sẹ́ǹtì 10 bẹ̀rẹ̀ ti di ọ̀kan nínú àwọn ilé owó tí ó tóbi jù ní Kánádà lónìí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo inú ìwé ìṣirò náà, nítorí pé kò le tó bí àwọn akọ̀wé mìíràn ti máa ń kà á. N kò mú àpẹẹrẹ yìí láti inú ìwé ẹgbẹ́ kankan. Kí ọ̀rọ̀ lè yéni ni. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ènìyàn 200, tí owó ìpín àti owó ìfipamọ́ gbogbo wọn jẹ́ ₦40,000,000, tí ẹgbẹ́ sì yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ₦36,000,000 nínú rẹ̀, ní èlé náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún náírà fún ọdún kan. Èlé yóò jẹ́ ₦3,600,000. Bí owó ìwé, owó iṣẹ́ akọ̀wé, owó gbọ̀ngàn àti owó ayẹ̀wéwò bá kó ₦800,000 lọ, èrè ọdún di ₦2,800,000. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ọdún 1993 sọ pé ó kéré tán, ìdámẹ́rin èrè kò gbọdọ̀ jẹ́ pínpín, ńṣe ni kí a gbé e sí àpamọ́, ₦700,000 nìyẹn. Nínú ₦2,100,000 tí ó kù, bí ìpàdé bá fọwọ́ sí ìdámẹ́wàá fún oore àdúgbò, ₦210,000 yóò lọ síbẹ̀, a ó sì pín ₦1,890,000. Pínpín náà sì ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: apá kan ń tẹ̀lé iye tí olúkúlùkù fi pamọ́, apá kan sì ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó yáwó tí ó sì san èlé rẹ̀ pé, nítorí pé láti ara rẹ̀ ni èrè ti jáde. Ibi tí alájẹṣẹ́kù ti yàtọ̀ sí báńkì olówó nìyí. Ẹni tí ń yáwó àti ẹni tí ń yáni lówó, ọ̀kan náà ni wọ́n, ohùn kan náà sì ni olúkúlùkù ní nínú ìpàdé, ìbáà ṣe ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tàbí ẹni tí ó ní mílíọ̀nù.

Títí dé ibi tí a dé yìí, gbogbo rẹ̀ dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní láàárín àwọn tí wọ́n yáwó, ẹni mẹ́ta wà tí ₦4,000,000 wà lọ́wọ́ wọn, tí ọ̀kan ti kó kúrò ní ìlú, tí èkejì ti sọ ọjà nù, tí ẹ̀kẹta kò sì gbé fóònù mọ́, tí àwọn onígbọ̀wọ́ wọn sì ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la. Gbèsè náà nìkan ti gbé èrè odindi ọdún mì, ó sì tún ku mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún náírà. Bí akọ̀wé kò bá yọ ọ́ kúrò, tí ó sì tún ka èlé tí àwọn mẹ́ta náà kò tí ì san mọ́ èrè, a jẹ́ pé owó tí ẹgbẹ́ ń pín kì í ṣe èrè rárá. Owó ìfipamọ́ ara wọn ni wọ́n ń bù fún ara wọn, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń yọ̀, ẹran ara wọn ni wọ́n ń jẹ tí wọ́n sì ń pọ́n ọwọ́ lá. Ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kì í ṣe ọ̀nà tirẹ̀ nìkan ni ó dí, ó dí ti ìyá eléèlùbọ́ pẹ̀lú, ẹni tí yóò wá yáwó nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́, tí wọn yóò sì sọ fún un pé kí ó padà wá lóṣù tí ń bọ̀.

Nítorí náà ni òfin ṣe fẹ́ kí ẹni òde yẹ ìwé wò kí ìpàdé tó jókòó. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń sọ pé akọ̀wé àwọn jẹ́ olóòótọ́, pé ọmọ ìjọ ni, pé kò yẹ kí a fi ayẹ̀wéwò dójú tì í. Ayẹ̀wéwò kò dójú ti olóòótọ́ rí. Òun ni ẹlẹ́rìí tí olóòótọ́ ní ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di tìrẹ-tèmi.

Ọ̀rọ̀ oore àdúgbò wá kù. Nígbà tí àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé péjọ sí Manchester ní ọdún 1995, wọ́n kọ ìlànà méje sílẹ̀, èyí tí ó sì ṣe ìkeje ni pé kí ẹgbẹ́ máa ro ti àwùjọ tí ó yí i ká. Ìlànà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa, ẹgbẹ́ wo ni ó wà nílẹ̀ Yorùbá tí kì í fẹ́ kí orúkọ òun hàn lára iṣẹ́ rere? Ṣùgbọ́n mo mọ kànga dẹ̀rọ kan, tí orúkọ ẹgbẹ́ tí ó gbẹ́ ẹ ṣì hàn gàdàgbà lára ògiri rẹ̀ ní ọ̀dà búlúù. Ọwọ́ ẹ̀rọ ti ṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́, ewúrẹ́ ni ó ń sá oòrùn sábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ pọnmi níbòmíràn. Ọdún kan ni ẹgbẹ́ náà fi pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tí ó rántí ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Ìbá sàn kí wọ́n ra ìwé fún ọmọ ogún ní ọdọọdún, kí wọ́n sì mú un dúró.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀ ni oore tí ó tóbi jù. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, ẹ lọ wo iwájú tábìlì akápò: ìyá aláta wà níbẹ̀, awakọ̀ tí táyà rẹ̀ ti họ wà níbẹ̀, aránṣọ tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ kejì wà níbẹ̀. Bí gbogbo wọn bá gbà tí wọ́n sì san, àdúgbò ti rí ojúrere ẹgbẹ́, kódà bí kò bá sí orúkọ kankan lára ògiri.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, akọ̀wé kò jiyàn. Ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ẹ̀yìn, ó sì ka iye àwọn tí kò san àti àpapọ̀ gbèsè wọn pẹ̀lú ohùn tí ó rẹlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbà pé kí àwọn olóyè lọ bá àwọn onígbọ̀wọ́ nílé láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n sì dín iye tí wọ́n fẹ́ pín kù kí wọ́n lè fi kún owó àpamọ́. Ìrẹsì ti tutù kí a tó jẹ ẹ́. Ìyá náà wé ìwé rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ ìṣẹ́tí ìró.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ tìrẹ bá dé, tètè lọ, mú ìwé ìfowópamọ́ rẹ dání, kí o sì ní kí wọ́n ka ojú ewé àwọn agbèsè kí wọ́n tó ka ti èrè.