Ọ̀pẹ Ẹ̀yìnkùlé

A mọ àwọn tí ó ń kó oríṣiríṣi ọ̀pẹ jọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn ní ilẹ̀ Kétu yìí, kì í ṣe nítorí epo nìkan. (Ní Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀ Ọ̀pẹ, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo wa ń sáré lọ!)

Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ra fún ẹyìn tí wọ́n bá he lábẹ́ igi. Ọ̀pẹ tí èèpo ẹkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí epo rẹ̀ pọ̀, ọmọ àdàlù ni: ti eléèpo líle àti ti aláìléèpo. Beirnaert àti Vanderweyen ni ó fi èyí hàn ní Kóńgò ní 1941. Bí irú rẹ̀ bá gun irú rẹ̀, nínú ọmọ mẹ́rin, bíi méjì ni yóò jọ wọ́n. Ọ̀kan yóò le koko. Ọ̀kan kò ní ní èèpo, èyí sì sábà máa ń yàgàn. Ìyá àti bàbá ọlọ́mọ, ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ẹ ó fi bomi rin ín kí ẹ tó mọ̀.

Fún oko tí a ó fi bọ́ ilé, ẹ lọ sí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobẹ̀, tí ó ti wà láti 1922. Fún ẹ̀yìnkùlé, ẹ gbin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí àwọn ọmọ lè fi òkúta fọ́ ẹyìn wọn wò.