Ohun tí kantíkantí kọ́ wa nípa àwọ̀n ẹ̀fọn

Ní Idigny, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Kétu, kò sí ẹni tí kò mọ kantíkantí, kòkòrò kékeré tí í kóra jọ sórí ẹmu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Àwọn onímọ̀ ń sìn ín nínú ìgò láti mọ iṣẹ́ tí purotéènì kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ara. A ó ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ ọ́n, àti bí ó ṣe kàn wá.

Jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé láti ṣe purotéènì. Bí jíìnì bá yí padà, purotéènì rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ohun tí ara kò wá lè ṣe mọ́ ni yóò tọ́ka sí iṣẹ́ tí purotéènì náà ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ní 1971, David Suzuki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ròyìn irú kantíkantí kan tí jíìnì rẹ̀ yí padà. Bí ooru bá dé 29°C, yóò ṣubú, kò ní lè mira. Bí wọ́n bá dá a padà sí 22°C, yóò dìde. Wọ́n sọ jíìnì náà ní para. Kantíkantí tí kò bá ní purotéènì rẹ̀ rárá kì í yè dàgbà. Ní 1989, ìwádìí fi hàn pé purotéènì yìí jẹ́ ilẹ̀kùn lára iṣan ìmọ̀lára: ó ń ṣí kí sodium lè wọlé, ó sì ń tì. Báyìí ni iṣan ṣe ń jíṣẹ́.

Ẹ̀fọn náà ní irú ilẹ̀kùn yìí. Pyrethroid, oògùn tí wọ́n ń fi sára àwọ̀n, kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà tì. Iṣan kò ní sinmi títí ẹ̀fọn yóò fi kú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ní àyípadà kan ní ipò 1014 lára purotéènì náà: leucine ti di phenylalanine, oògùn kò sì ràn án dáadáa mọ́. Àwọn ẹ̀fọn kan tún ń fọ́ oògùn náà nínú ara wọn kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ní 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, tí kò jìnnà sí Kétu. Wọ́n fi chlorfenapyr kún pyrethroid lára àwọ̀n. Chlorfenapyr kì í bá ilẹ̀kùn iṣan jà. Agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń dí lọ́wọ́. Láàárín ọdún méjì, ibà láàárín àwọn ọmọdé tó ń sùn lábẹ́ irú àwọ̀n yìí fi 46% dín sí ti àwọn tí àwọ̀n wọn ní pyrethroid nìkan.

Nítorí náà, bí oògùn kan bá ti ń kùnà, fífi púpọ̀ sí i kọ́ ni ojútùú. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ purotéènì tí oògùn náà ń bá jà ni yóò mọ ibòmíràn tó yẹ kí a gbà.