Kí Á Tó Fọ Ajá Oníbàárà: Ìbéèrè Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Nínú Fọ́ọ̀mù Orí Fóònù

 Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí a jọ wà ní ìlú Jos níbí, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ti ìwé lẹ́yìn. Àwọn kan ń gẹrun, àwọn kan ń dirun, àwọn kan sì ń ránṣọ. Ní ìlú tí ajá pọ̀ bí èyí, àwọn kan ti ń fọ ajá oníbàárà, wọ́n ń gé irun rẹ̀, wọ́n ń gé èékánná rẹ̀, wọ́n sì ń gba owó ọ̀yà wọn. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ó fi owó gọbọi ra Lhasa kò ní fẹ́ kí irun rẹ̀ ta kókó.

Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń gba iṣẹ́ ni ó ń kọ mí lóminú. Oníbàárà a kọ ọ́ sórí WhatsApp pé, "Mo ń mú Bingo bọ̀ lọ́la." Afọjá a dáhùn pé, "Kò burú." Ó parí. Lọ́jọ́ kejì, afọjá yóò ki ọwọ́ sí etí ajá tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí a lè ṣe, tí oníbàárà yóò kọ ọ̀rọ̀ kún lórí fóònù rẹ̀ nílé kí ó tó mú ajá wá. Fọ́ọ̀mù náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ṣíṣe rẹ̀ kò le rárá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní àdírẹ́sì Gmail ti ní Google Forms lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí i lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fún fọ́ọ̀mù ní orúkọ, kí ẹ sì máa kọ ìbéèrè sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ óò yan irú ìdáhùn tí ẹ fẹ́: èyí tí oníbàárà yóò fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ, èyí tí yóò ti mú ọ̀kan nínú ohun tí ẹ tò sílẹ̀, tàbí èyí tí yóò ti yan ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà. Bọ́tìnì kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìbéèrè tí wọ́n kọ Required sí. Bí ẹ bá tan án, oníbàárà kò ní lè fo ìbéèrè náà. Ẹ má tan án sí gbogbo ìbéèrè, nítorí ẹni tí a bá fi tipátipá bi ní ohun tí kò kàn án yóò kọ ìkọkúkọ kí ó lè kọjá. Bí ẹ bá parí, ẹ ṣẹ̀dà àdírẹ́sì tí Google ṣe fún àwọn tí yóò dáhùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kì í ṣe àdírẹ́sì ojú-ewé tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí ọ̀rọ̀ náà edit máa ń wà nínú rẹ̀, ni ẹ óò fi ránṣẹ́ o. Bí ẹ bá so fọ́ọ̀mù náà mọ́ Google Sheets, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò máa bọ́ sínú rẹ̀, ìlà kan fún oníbàárà kan.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fún gbogbo èyí. Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni ìbéèrè.

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a kò gbé kalẹ̀ dáadáa a máa ṣini lọ́nà. Ọ̀rẹ́ mi kan fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ hàn mí. Ó kọ ọ́ sí i pé, "Ṣé ajá yín burú?" Gbogbo àwọn tí ó dáhùn ni ó ní rárá. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọmọ òun burú? Lójú alájá, ajá tí ó ti bu ọmọ aládùúgbò méjì jẹ kò burú, àwọn ọmọ náà ni wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí afọjá fẹ́ mọ̀ kì í ṣe irú ìwà tí ajá ní, bí kò ṣe ohun tí ajá ti ṣe rí. Nítorí náà, ẹ béèrè báyìí: "Ṣé ajá yìí ti bu ènìyàn tàbí ẹranko mìíràn jẹ rí? Nígbà wo? Kí ni wọ́n ń ṣe fún un nígbà tí ó bu wọ́n jẹ?"

Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ajá tí ó bu ènìyàn jẹ nígbà tí wọ́n fọwọ́ kan etí rẹ̀ ń sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí etí máa dùn ún. Èyí tí ó bínú nídìí oúnjẹ lè dúró jẹ́jẹ́ fún ìwẹ̀. Èyí tí kò fẹ́ kí á di òun lẹ́sẹ̀ mú, iṣẹ́ èékánná rẹ̀ gba ènìyàn méjì. Google Forms sì lè ṣe é kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni àwọn ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e yóò hàn sí, kí ẹni tí ajá rẹ̀ kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí má bàa fi dátà rẹ̀ ṣòfò.

Àrùn dìgbòlugi ni ó mú mi tẹnu mọ́ èyí. Inú itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni kòkòrò rẹ̀ wà, ojú ọgbẹ́ ni ó sì máa ń gbà wọ ara ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ajá ni ó ń kó àrùn yìí ran ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú 100. Bí àmì rẹ̀ bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ni ó sábà máa ń já sí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tí ó ń dènà rẹ̀, fún ajá àti fún ènìyàn. Àwa tí a wà ní Plateau kò sì ní àwáwí. Vom tí kò jìnnà sí wa ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣèwádìí àrùn ẹran wà láti 1924, wọ́n sì ń ṣe abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ajá níbẹ̀.

Nítorí náà, "Ṣé ajá yín ti gba abẹ́rẹ́?" kò tó. Ẹni tí ó gún ajá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ aràn lóṣù tí ó kọjá yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí tirẹ̀ gba ti parvo nìkan yóò dáhùn bákan náà, irọ́ kọ́ ni ó sì pa. Ẹ béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni ajá yìí gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn?" kí ẹ sì jẹ́ kí ó yan ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó ya fọ́tò káàdì tí dókítà ẹran fọwọ́ sí. Fọ́ọ̀mù náà lè gba fọ́tò, ṣùgbọ́n kìkì ẹni tí ó bá ti wọ àkántì Google rẹ̀ ni yóò lè fi í sílẹ̀. Ó rọrùn kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni ajá sábà máa ń jẹ́ kí ó tó gba àkọ́kọ́, àwọn dókítà ẹran níbí sì ń fẹ́ kí á tún un gún lọ́dọọdún.

Bí káàdì kò bá sí ńkọ́? Èrò tèmi ni pé kí ẹ sún ìwẹ̀ náà síwájú, kí ẹ sì fi ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹran han alájá náà. Owó ọjọ́ kan yóò lọ, ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó bá gba abẹ́rẹ́ tán yóò padà wá. Ní ibòmíràn, wọ́n a máa gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ ní àyíká ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe Ọjọ́ Dìgbòlugi Àgbáyé. Bí ajá bá sì bu afọjá jẹ pàápàá, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó má ṣe dúró wò ó bóyá ara ajá yóò yá tàbí kò ní yá. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ ọdún púpọ̀, kí ó bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tí ènìyàn máa ń gbà ṣáájú kí ajá tó bù ú jẹ.

Àwọn ìbéèrè ìlera yòókù kò pọ̀. Ṣé wárápá ń gbé ajá náà? Ṣé ó lóyún? Ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un láìpẹ́? Ìgbà wo ni wọ́n fi oògùn eégbọn sí i lára kẹ́yìn? Ọ̀pọ̀ oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ajá ni a kò gbọdọ̀ fọ̀ kúrò láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Bí ológbò bá sì wà nínú iṣẹ́ yín, ẹ kíyè sára gan-an, nítorí oògùn eégbọn ajá tí permethrin wà nínú rẹ̀ lè pa ológbò. Àwọn ajá onímú pẹlẹbẹ kì í lè mí dáadáa nínú ooru, nítorí náà ẹ béèrè irú ajá tí ó jẹ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ ìgbẹrun sí i. Ẹ béèrè orúkọ tí ó ń jẹ́ pẹ̀lú. Àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò, ṣùgbọ́n orúkọ tí ajá máa ń gbọ́ ni afọjá nílò.

Ọ̀rọ̀ owó kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù pé bí irun bá ti ta kókó mọ́ awọ ara, fífá nìkan ni ó kù, kí oníbàárà sì mú bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé bí àìsàn bá ṣe ajá lójijì lọ́dọ̀ yín, ṣé ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ta ni yóò san owó rẹ̀, èló sì ni kò gbọdọ̀ kọjá? Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣeé sọ nígbà tí ajá bá ti ń gbọ̀n lórí ilẹ̀.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí àwọn afọjá kì í sábà rò. Ajá ni ọlọ́dẹ ilé. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ní orúkọ alájá, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àdírẹ́sì ilé rẹ̀ àti wákàtí tí ajá rẹ̀ kò ní sí nílé, ohun tí olè ń wá ni ẹ kó jọ sójú kan yẹn. Bí oníbàárà bá ń mú ajá wá fúnra rẹ̀, kí ni ẹ fẹ́ fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ṣe? Ẹ yọ ọ́. Òfin pàápàá ti wà lórí èyí, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó ní kí á sọ ìdí tí a fi ń gba ìsọfúnni fún ẹni tí ó ni ín, kí á má gba ju ohun tí a nílò lọ, kí á sì má pa á mọ́ ju ìgbà tí ó wúlò lọ. Ẹ fi gbólóhùn méjì kọ ọ́ sókè fọ́ọ̀mù. Ẹ má ṣe ṣí Google Sheets náà sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ sì rí i pé fóònù tí ó wà lórí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí gbogbo wa mọ bí fóònù ṣe ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì.

Oníbàárà kan yóò wà tí kò ní í fi fóònù ṣe ju kí ó pè, kí wọ́n sì pè é. Ẹ má ṣe lé e lọ. Ẹ pè é, kí ẹ ka ìbéèrè náà fún un ní èdè tí ó gbọ́, ìbáà ṣe Hausa, kí ẹ sì bá a tẹ ìdáhùn rẹ̀ sí i.

Nígbà tí oṣù bá parí, ẹ ṣí Google Sheets, kí ẹ to àwọn ìlà náà láti orí ọjọ́ abẹ́rẹ́ tí ó pẹ́ jù. Àwọn ajá tí tiwọn ti ń sún mọ́ ọdún kan ni yóò wà lókè. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni wọ́n kí ọjọ́ ìwẹ̀ mìíràn tó kò.