Orí Ọmọ tí Òjò Pa: Ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ Di Ikú Bàbá Ru Ọmọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ nínú agbo ilé nígbà tí bàbá bá kú lójijì, tó fi ọmọkùnrin kékeré sílẹ̀. Ẹbí á máa wo ọmọ náà tìfura-tìfura, wọ́n á ní: "Orí ọmọ yìí mà le o! Òun ló pa bàbá ẹ̀." Nígbà mìíràn, ọ̀dọ̀ àwa awo ni wọ́n á gbé e wá, kí á lè fi ọpọ́n kín ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn kò fi bá ohun tí Ifá kọ́ wa mu, àti ohun tó ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ di ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé inú Ògúndá Méjì. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń tọ̀run bọ̀ wáyé: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Ilé Àjàlá ni wọ́n ti fẹ́ yan orí. Àwọn méjì dá tiwọn yàn. Orí tó tóbi, tó dùn ún wò, ni wọ́n gbé, wọn ò mọ̀ pé kò jiná. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dífá fún un, ó rúbọ. Oníbodè tó kọ́ ní iyọ̀ jíjẹ ló fọ̀nà hàn án. Ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá náà sì bá a ṣa orí tó dára. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, òjò dé. Òjò jẹ orí àwọn méjì àkọ́kọ́ títí ó fi kéré. Ó pa Afùwàpẹ́ náà, ṣùgbọ́n orí tirẹ̀ kò yingin.

Ẹ wo nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kì í ṣe orí ló rọ òjò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòjò pa. Èkejì, Afùwàpẹ́ kò dá a ṣe. Bàbá, babaláwo, oníbodè àti Àjàlá ló dúró tì í.

Ọmọ kan wà nínú ìtàn wa tí irú òjò bẹ́ẹ̀ pa, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Àjàyí ọmọ Òṣogùn ni, ẹni tí ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ẹlòmíì lè bi wá pé kí ló kan oníṣẹ̀ṣe nínú ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tiwa ni kó tó di tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpàdé ọdún 1875 tó ṣe alága rẹ̀ wà lára ìpìlẹ̀ àkọtọ́ tí à ń fi kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ lónìí.

Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn. Àjàyí ò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ogun. Ìgbà tí ọmọ rí i kẹ́yìn nìyẹn. Ó padà gbọ́ pé wọ́n ti pa á nínú ogun mìíràn. Okùn ni wọ́n fi mú Àjàyí lọ́rùn, òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn arábìnrin rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́, ó ti di ẹrú ẹni mẹ́ta. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹṣin ò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n bá dá ọmọ padà. Nígbà tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa tà á fún àwọn Potogí, ó gbìyànjú lóru láti pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò gbà á.

Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó o sọ́kọ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gbà wọ́n sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù ò kúrò. Nígbà tí àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ funfun tí wọ́n fi kọ́, àti ọta ìbọn ńlá tí wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n rò pé ẹran ara èèyàn àti orí èèyàn ni. Ìgbà tí wọ́n rí pátákò ẹran náà ni ọkàn wọn tó balẹ̀. Ìgbàlà ti dé, ojú ọmọ ò tíì lè rí i.

Ní Sàró, ó kàwé, ó gbọ́ṣẹ́, ó gbéyàwó. Ní oṣù kejì 1837 ló tó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà. Ní oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ Àfàlá wá a kàn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìyá dì í lọ́wọ́ mú, ó ń gbọ̀n, ó wá ń pè é ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é ní kékeré. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kọjá. Ẹ ò rí i pé àwọn èèyàn ni orí rere fi ń gbé ọmọ dìde?

Ìlú wa Ẹdẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ìtàn sọ pé Ṣàngó ti Ọbàtálá mọ́lé fún ọdún méje nítorí ẹ̀sùn ẹṣin, tí gbogbo ìlú fi dàrú. Ulli Beier, nínú ìwé tó kọ ní 1959 lórí àwọn ọdún ìbílẹ̀ Ẹdẹ, ṣàlàyé bí Olúnwi ṣe máa ń bá Ajagẹmọ jà nínú ọdún Ọbàtálá, tó sì máa ń mú un ní ìgbèkùn kúrò láàfin. Tìmì á san owó ìràpadà, Ajagẹmọ á padà wọlé tayọ̀tayọ̀. Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tó ń bi ẹni tí wọ́n mú pé irú orí wo ló gbé wáyé. Ẹni tó ní ìlú ló ń sanwó.

Nítorí náà, ẹ̀yin awo, bí wọ́n bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ dífá fún òun gan-an. Ẹ má fi ikú òkú wá ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Ẹ bọ orí rẹ̀ lójú ẹbí, kí àgbà obìnrin ilé ki oríkì rẹ̀ sí i létí. Ẹ jẹ́ kó ròyìn ohun tójú rẹ̀ rí nígbà tó bá lè sọ ọ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Kí ẹbí yan àgbà kan tí yóò máa dúró fún un bíi bàbá. Bí kò bá jẹun, tí kò sùn, tàbí tó ń sọ pé ikú yá ju ìyà lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un dé ọsibítù pẹ̀lú. Ìyẹn ò ba Ifá jẹ́.

Òjò ò ní ṣaláì rọ̀. Tiwa ni kí ọmọ má dá nìkan wà nínú ẹ̀.