Ibi ọmọ, ọkàn ọmọ, ọpọlọ ọmọ: ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nínú oyún

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lọ́dọ̀ wa, tí obìnrin bá ti bímọ tán, wọ́n á di ibi ọmọ sínú ọ̀rá, wọ́n á gbé e fún bàbá ọmọ tàbí ìyá àgbà. Ó di ilé. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sin ín, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ìkejì ọmọ ni àwọn àgbà ń pè é, orúkọ yẹn sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Ìbéèrè kan ló jẹ́ kí n máa kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá kan níbí ní Alábàtà, ní ojú ọ̀nà tó lọ sí FUNAAB, ló bi mí. Ọkàn ọmọ rẹ̀ ní àléébù láti inú oyún, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọkàn náà sì ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ní iléèwé wọ́n ní kì í tètè mú nǹkan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ abẹ yẹn ló ṣe ọpọlọ ọmọ mi báyìí ni, àbí nǹkan tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún?” Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ní èsì tiẹ̀ nílẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ohun tí ìwádìí ń fi hàn ni pé, fún ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọpọlọ ti bẹ̀rẹ̀ kí dókítà kankan tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ inú oyún kì í fi ẹ̀dọ̀fóró mí, omi ló kún ibẹ̀. Ibi ọmọ ló ń bá a mí. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn á gba inú ìwọ́ wọlé sára ọmọ, á dé ọkàn, á gba ihò kékeré kan láàárín yàrá méjì òkè ọkàn bọ́ sí apá òsì. Láti apá òsì yẹn ni èyí tó dáa jù nínú ẹ̀jẹ̀ náà ti ń gòkè lọ sí ọpọlọ. (Ihò yẹn, gbogbo wa la ní in nínú oyún. Ó máa ń pa dé lẹ́yìn ìbí. Òun kọ́ ni “ihò inú ọkàn” tí wọ́n ń sọ.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ fi bọ́hò wò ó. Ibi ọmọ ni bọ́hò, ọkàn ni ẹ̀rọ tó ń fa omi àti páìpù tó ń pín in, ọpọlọ ni yàrá tó wà lókè pátápátá. Tí wọ́n bá so páìpù gba ibi tí kò yẹ, omi tó mọ́ á lọ síbòmíràn. Tí bọ́hò fúnra rẹ̀ ò bá lágbára, wàhálà di méjì. Irú àléébù kan wà tó jẹ́ pé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá méjì tó jáde látinú ọkàn ti gba ipò ara wọn. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ kò pọ̀ ló ń gòkè lọ sí ọpọlọ.

Ní Toronto, ní Kánádà, àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ MRI wo ọmọ inú oyún 30 tí ọkàn wọn ní àléébù àti 30 tí tiwọn dára. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Ọpọlọ àwọn tí ọkàn wọn ní àléébù kéré sí ti àwọn yòókù ní ìdá 13 nínú 100, ọ́síjìn tí ọpọlọ wọn ń lò sì dín ní ìdá 32 nínú 100. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ nìyí: ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibi ọmọ gan-an, kó tó dé ọkàn rárá, ọ́síjìn inú rẹ̀ ti dín kù. Ìyẹn ni pé kì í ṣe páìpù nìkan ló níṣòro.

Kí ló dé tí ibi ọmọ àti ọkàn á jọ máa ṣàìsàn? Ìgbà kan náà ni wọ́n ń dàgbà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oyún dúró ni ọkàn ti máa ń di odidi, ìgbà yẹn náà ni ibi ọmọ ń ta gbòǹgbò sínú ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé àwọn lóyún. Ní 2018, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èkúté tí ọmọ wọn ń kú sínú. Ibi ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àbùkù, àbùkù náà sì sábà máa ń bá ti ọkàn àti ti ọpọlọ rìn. Èkúté kì í ṣe èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí àwọn dókítà máa wo ibi ọmọ pẹ̀lú ojú mìíràn.

Nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bá bí, nǹkan bí 8 sí 10 ló ń ní àléébù ọkàn kan tàbí òmíràn. Nwankwo Kanu tó gba wúrà Olympics ní Atlanta ní 1996 wà lára wọn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n rí àléébù ọkàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ohun kan pàtó pé òun ló fà á. Àtọ̀gbẹ tí obìnrin ti ní ṣáájú oyún àti àrùn rubella wà lára ohun tó lè dá kún un. Ẹ̀pà tí ìyá jẹ kò sí níbẹ̀. Ojú ayé kò sí níbẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun kan tún wà tí Toronto ò ní: ibà. Kòkòrò ibà máa ń sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, á dì mọ́ ọn, á dènà oúnjẹ àti ọ́síjìn, nígbà mìíràn ìyá ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Mi ò sọ pé ibà ló ń ba ọkàn ọmọ jẹ́ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tí páìpù rẹ̀ ti ní wàhálà tẹ́lẹ̀ kò lè gba bọ́hò tó tún ń gbẹ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí aláboyún máa lo Fansidar láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kó sì tó oṣù kan láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ń lo ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó. Ẹ sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ba ibi ọmọ jẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọkọ tuntun, ọ̀rọ̀ skáànù. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ká lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin la ṣe ń sanwó rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 18 sí 22, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ rí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkàn? Báwo ni ibi ọmọ ṣe rí?” Tí kò bá lè dáhùn, ẹ lọ sí ọsibítù ńlá. Tí wọ́n bá bí ọmọ tán, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka nígbà Kòrónà, wọ́n lè fi sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn. Àwọ̀ wa dúdú, nítorí náà, ahọ́n àti inú ètè ni kẹ́ ẹ máa wò bóyá ó ń ṣe bí aró. Ọmọ tó ń làágùn níwájú orí tó bá ń mu ọmú, tó ń rẹ̀ ẹ́ kó tó yó, ẹ gbé e lọ fún dókítà.

Fún ọmọ tí wọ́n ti tún ọkàn rẹ̀ ṣe, láti 2012 ni àjọ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò bí àwọn tí àléébù tiwọn le ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́, kó má jẹ́ ọkàn nìkan. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ọmọ tó nílò àsìkò kì í ṣe olódo, bí a bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe dáadáa.

Tí skáànù bá sì ti fi hàn pé ọkàn ọmọ inú yín ní àléébù, kí ọjọ́ ìbí tó pé, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè yẹ ibi ọmọ náà wò ní lábù. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sílé, kẹ́ ẹ lọ sin ín bí ẹ ṣe ń sin ín.