Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ ní Yewa, Owó Wo Ló Kù Láti Gbà?

Oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, Kọ́sítọ́ọ̀mù tún pàṣẹ pé epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ dé iléepo kankan tí kò jìnnà tó 20 kìlómítà sí ààlà. Wọ́n ṣí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n títì ni ti Ìdìrókò, ní ẹkùn Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wà títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Láàárín ọdún méjì ààbọ̀ ó lé yìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀, alábàárù, èjẹ́ńtì tó ń bá oníṣòwò ṣe ìwé ẹrù, ọmọ tó ń ta epo, àti ìyá olóúnjẹ tí gbogbo wọn ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni onífàyàwọ́, bí àwọn ará Àbújá ṣe máa ń rò. Síbẹ̀, kò sí ọ́fíìsì kan ní Ìlaròó, Ayétòrò tàbí Ìdìrókò tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè forí lé láti lọ gba owó àìríṣẹ́ṣe.

Bẹ́ẹ̀ òfin dárúkọ owó náà. Abala 16 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ní kí ìjọba ṣètò ilé tó bójú mu, oúnjẹ tó tó, owó iṣẹ́ tó ṣe é gbé ayé, ìtọ́jú arúgbó, owó ìfẹ̀yìntì, àti owó ìrànwọ́ fún ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ àti fún aláìsàn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Àmọ́ Orí Kejì ìwé òfin ni abala yẹn wà, abala 6 ìwé kan náà sì ti sọ pé kóòtù kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba mú ohun tó wà ní Orí Kejì ṣẹ tàbí kò mú un ṣẹ. Ìlérí ni, kì í ṣe gbèsè tí aráàlú lè sìn.

Ọmọ Yewa tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ètò mìíràn. Ọdún 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣòfin pé kí òṣìṣẹ́ àwọn iṣẹ́ kan, ọ̀gá wọn àti ìjọba máa dá owó sílẹ̀ nítorí àìríṣẹ́ṣe. Lónìí, ẹni tí wọ́n ti ń yọ owó National Insurance lára owó iṣẹ́ rẹ̀ láti bí ọdún méjì sí mẹ́ta lè gba Jobseeker's Allowance fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà bí iṣẹ́ bá bọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, pọ́n-ùn 92 àti pẹ́ńsì 5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún ẹni tó ti pé ọdún 25, ẹni tó ń gbà á sì gbọ́dọ̀ máa fi hàn pé òun ń wá iṣẹ́. Ní Gúúsù Áfíríkà, òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àìríṣẹ́ṣe, ọ̀gá rẹ̀ ń dá ìdá 1 sí i. Adójútòfò ni ìyẹn: ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó jọ, ẹni tí òfò ṣe ló gbà á.

Ohun tó súnmọ́ ọn jù lọ ní Nàìjíríà wà nínú òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014, èyí tó rọ́pò ti ọdún 2004. Àjọ ni, kì í ṣe adójútòfò. Ẹni tó bá mọ alájọ mọ ohun tí mò ń wí: owó tí o fún un náà ni yóò dá padà fún ọ.

Lábẹ́ òfin yìí, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́, agbanisíṣẹ́ yóò sì fi ìdá 10 kún un láti àpò ara rẹ̀. Owó oṣù tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí àpapọ̀ owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Àkáǹtì tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà nìkan ni owó yìí ń lọ, nọ́ńbà rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, nọ́ńbà yẹn ni yóò sì máa lò kiri gbogbo ibi tó bá ti ṣiṣẹ́. Òfin wá ní ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n dá dúró, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lè gba owó tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àkáǹtì náà lọ. Oṣù mẹ́fà ni òfin ọdún 2004 ní kó fi dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní wẹ́dà kan ní iléeṣẹ́ kan ń gba ₦100,000 lóṣù. Wọn yóò yọ ₦8,000 lára rẹ̀, ọ̀gá yóò fi ₦10,000 sí i, ó di ₦18,000. Bó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, oṣù 60, ₦1,080,000 ni, láìtíì ka èrè orí owó náà tàbí owó iṣẹ́ tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ń yọ. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan jẹ́ ₦270,000. Ó jókòó oṣù mẹ́rin láìgba kọ́bọ̀, ó wá gba ohun tí kò tó owó oṣù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ọdún kan péré ló ṣe níbẹ̀, ₦54,000 ni. Ọjọ́ alẹ́ ara rẹ̀ ló sì yá a lówó, nítorí ohun tó bá gbà lónìí kò ní sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tó bá dàgbà. Ìjọba kò fi nǹkan kan sí i.

Ibì kan wà tí òfin tiwa fi sàn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò bèèrè bóyá wọ́n lé ọ ni tàbí ìwọ lo bínú kúrò. Ní ìlú Ọba, ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìnídìí gúnmọ́ lè jìyà rẹ̀.

Báwo la ṣe ń gbà á? Ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní PFA, lẹ ó lọ. Ẹ ó mú ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ ti parí àti ọjọ́ tó parí, NIN yín, àti nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó jẹ́ orúkọ tiyín, ẹ ó sì kọ fọ́ọ̀mù. PFA ni yóò yẹ gbogbo rẹ̀ wò. PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni òfin fi àṣẹ ìfọwọ́sí sí lọ́wọ́. Ibi méjì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Àkọ́kọ́ ni orúkọ: ẹni tó jẹ́ Múfù nínú ìwé iṣẹ́, tó jẹ́ Mufutau lórí NIN, tí báńkì sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣíwájú, ènìyàn mẹ́ta ni lójú kọ̀ǹpútà. Èkejì le jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í kọ ìwé ìdádúró. Wọ́n á kàn ní kí òṣìṣẹ́ má wá mọ́ lọ́la. Láìsí ìwé, níbo ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù mẹ́rin?

Òfin iṣẹ́ kò gba ọ̀gá láyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ, tí kò tíì pé ọdún méjì, ó yẹ kó gba ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sókè tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló dín kù ní iléeṣẹ́, òfin kan náà ní kí ọ̀gá sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tó dé kẹ́yìn sì kọ́kọ́ lọ, bí wọn kò bá ta ara wọn yọ nínú ìmọ̀ iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n dúnàádúrà lórí owó gbà-má-bínú. Iye tó yẹ kó jẹ́ ni kò sọ, nítorí náà ibi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ti lágbára ni owó yẹn ti ń tó nǹkan.

Ta wá ni òfin owó ìfẹ̀yìntì yìí kàn ní Yewa? Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù iléeṣẹ́ ńlá ni, irú bíi iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbèṣè ní ọdún 2012. Ní ti àwọn aládàáni, iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè ni òfin kàn nípá. Ilé búrẹ́dì tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, iléepo tó ní mẹ́fà, iléèwé aládàáni tó ní olùkọ́ mẹ́wàá: òfin fojú fo gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀, irú iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ ń rí ní Ayétòrò nìyẹn.

NSITF, àjọ adójútòfò òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ńkọ́? Àwọn kan rò pé ibẹ̀ ni owó àìríṣẹ́ṣe wà. Rárá o. Ẹni tí iṣẹ́ ṣe léṣe, tó kó àìsàn níbi iṣẹ́, tàbí tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ni òfin ọdún 2010 ní kí wọ́n san owó fún.

Fún oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́, ìjọba gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì kékeré jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2019. Bí wọ́n ṣe ṣe é nígbà náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ènìyàn bá fi sílẹ̀ ló lè yọ nígbà ìṣòro, ìdá 60 á dúró di ọjọ́ ogbó. Kò burú. Àmọ́ alájọ ń wá bá ìyá olóúnjẹ ní ìsọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, ètò ìjọba kì í wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ má wá mọ́. Ẹ béèrè àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín lọ́wọ́ PFA, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá ohun tí ọ̀gá ń yọ ń dé ibẹ̀. Òfin fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méje péré lẹ́yìn tó bá san owó oṣù. Bó bá pẹ́, owó ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù wà lórí ohun tó jẹ, àkáǹtì òṣìṣẹ́ ni owó ìtanràn náà sì ń lọ. Ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun PenCom.